Ẹran Tí A Kò Ní Jẹ

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú ní Òkè-Ògùn, tí ètè ènìyàn gbẹ bí awọ gángan tí a sá sí oòrùn, tí eruku pupa sì ń gun orí igi bí ẹni pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó fẹ́ di ojú ọ̀run, kì í ṣe ìgbà náà ni ó yẹ kí ẹni tí ara rẹ̀ fẹ́ ìrọ̀rùn gbéra ìrìnàjò. Ṣùgbọ́n ìgbà náà gan-an ni àwọn tí ó mọ igbó ní kí n wá, nítorí pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni koríko ń dínkù, tí omi ń fà sí ojú ìbú nìkan, tí ẹranko tí ó ti fi ewéko bora láti ìgbà òjò kò fi ní ibi tí yóò fara pamọ́ sí mọ́. Mo sùn mọ́jú ní Ìṣẹ́yìn, ìlú Aṣẹ́yìn, ọmọ Ẹ̀bẹ̀dì, níbi tí ìró òfì ti ń jí ènìyàn kí àkùkọ tó rántí iṣẹ́ tirẹ̀, mo sì wọ ọkọ̀ Ṣakí nígbà tí ìkùukùu kò tíì kúrò lórí òkè.

Ìyá àgbàlagbà kan tí ó fi ìborùn bo orí nítorí ọyẹ́ ni ó jókòó tì mí, kò sì pẹ́ tí a kọjá Ìpàpó tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí mi wò bí ọlọ́jà ti ń fọwọ́ tẹ tòmátì wò.

"Níbo lò ń lọ, ọmọ mi?"

"Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni, Ìyá. Ìbàdàn ni mo ti wá, mo fẹ́ lọ wo àwọn ẹranko inú igbó ìjọba."

"Ẹran ti tán ní Ìbàdàn ni?"

"N kò fẹ́ jẹ ẹ́, Ìyá. Mo kàn fẹ́ fojú rí i ni."

Ó yíjú sí ojú fèrèsé, ó tún yí i padà sí mi. "Ẹran tí a kò ní jẹ, tí a wá ná owó ọkọ̀ tọ̀ ọ́ lọ! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí owó pọ̀ lọ́wọ́ wa kọjá ọgbọ́n."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí a bá fi òtítọ́ bú kò ní ohun tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti ń lọ ni mo mọ̀ pé Ìyá yìí kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ gbéra. Oníṣòwò èédú ni. Láti Òtu títí dé Tede, èédú ni ọ̀ṣọ́ ẹ̀bá ọ̀nà: àpò lórí àpò, tí wọ́n fi koríko dí lẹ́nu, tí wọ́n tò bí ọmọ ogun tí ń dúró de balógun wọn. Ọkọ̀ ńlá ni yóò kó wọn lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, òmíràn nínú wọn a sì gba orí òkun kọjá lọ sí ìlú òyìnbó, láti lọ yan ẹran fún àwọn tí kò mọ̀ pé igi kan wà láyé tí ń jẹ́ àyìn. Ìyá náà kọ́ mi ní ìyàtọ̀ wọn: èédú àyìn kì í tètè kú lójú àdògán, ti apá ń ta pàrà bí ẹni tí ń bínú, ti èmì a máa jó pẹ̀lẹ́.

Nígbà tí ó dárúkọ èmì ni mo bi í léèrè bóyá kò rò pé igi náà níye lórí ju èédú lọ, nítorí pé lára èso rẹ̀ ni a ti ń rí òrí, àti pé èmì tí a bá gbìn lónìí lè jẹ́ ogún ọdún kí ó tó fi èso rẹ̀ hàn wá dáadáa. Kò bínú sí mi. Ó ní òun mọ̀. Ìyá tí ó bí òun, òrí ni ó tà tí ó fi ra aṣọ ìgbéyàwó fún òun. "Èmì kan náà ni, ọmọ mi. Ìyá mi ń jẹ èso rẹ̀, èmi ń jẹ igi rẹ̀." Mo ní ọmọ tirẹ̀ ńkọ́, kí ni yóò jẹ? Ó tún ìborùn rẹ̀ wé. "Ó wà ní Pólì Ṣakí. Ìwé ni òun yóò máa jẹ."

Èmi kò dá a lẹ́bi nígbà náà, n kò sì dá a lẹ́bi títí di òní, nítorí ẹni tí ó jókòó sí Ìbàdàn tí ó ń fi gáàsì dáná kò ní ẹnu tí yóò fi bá oníṣòwò èédú jà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ojú mi rí àwọn kùkùté ní ẹ̀yìn àpò wọ̀nyẹn, wọ́n pọ̀ ju àpò náà lọ.

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ṣakí, ìlú Òkèrè, ọmọ Asabari, òkè tí ó dúró ti ìlú bí bàbá tí ó dúró lẹ́yìn ọmọ rẹ̀ lójú ìjà. Ní agbègbè Ṣakí yìí ni odò Ògùn ti sun jáde, odò Yemọja, tí ó ti ibẹ̀ rìn kọjá lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti sé e ní Ìkérè, tí ó gba Abẹ́òkúta kọjá lábẹ́ Olúmọ, tí ó sì lọ tú ara rẹ̀ sí ọ̀sà Èkó. Ní Akútè ni wọ́n ti ń fa omi odò yìí lọ sí ilé iṣẹ́ omi Ìjù, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ará Èkó tí kò gbọ́ orúkọ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí rí láyé ń fi omi tí ó sàn láti inú igbó Òkè-Ògùn fọ ẹnu láràárọ̀. Bí igi orísun bá tán, ọ̀rọ̀ kò ní parí sí Ṣakí.

Ọ̀kadà ni ó gbé mi láti Ṣakí gba Àgọ́-Àmọ̀dù dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ohun tí ìdí mi sì rí lójú ọ̀nà náà, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ìdí ọ̀tá mi rí i.

Igbó tí mo ń sọ yìí ni a ń pè ní Ọgbà Ìtọ́jú Ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé, ó sì ti yí orúkọ padà ju ìgbà kan lọ. Ní 1936 ni ìjọba ìbílẹ̀, lábẹ́ ojú àwọn amúnisìn, ya igbó apá òkè odò Ògùn sọ́tọ̀ ní igbó ọba. Ní 1941 wọ́n ya igbó Ọ̀yọ́-Ilé sọ́tọ̀ bákan náà. Ní 1952 wọ́n sọ méjèèjì di igbó ìtọ́jú ẹranko. Nígbà tí ó sì di 1991, ìjọba àpapọ̀ fi òfin nọ́ńbà 36 ti ọdún náà gbà wọ́n sí abẹ́ ara rẹ̀, pa pọ̀ pẹ̀lú Yankari àti àwọn mìíràn. Ilẹ̀ náà tó kìlómítà 2,512 níbùú lóòró, ó ju ìdajì gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó lọ. Ẹ má ṣe rò ó bí igbó Ìjẹ̀bú tí oòrùn kì í wọ̀. Ọ̀dàn ni púpọ̀ nínú rẹ̀, koríko tí ó ga ju ènìyàn lọ nígbà òjò, igi èmì àti igbá àti ìyá tí wọ́n jìnnà síra bí àgbà tí wọ́n ní èdè-àìyedè, àti àpáta tí ó ń yọ orí láàárín wọn.

Ẹ̀ṣọ́ igbó tí wọ́n ní kí ó mú mi kiri jẹ́ ọkùnrin tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ara rẹ̀ kò tóbi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í dún lórí ewé gbígbẹ. Ilé ọdẹ ni wọ́n bí i sí. Bàbá bàbá rẹ̀ wà láyé nígbà tí wọ́n fi òpó sàmì sí ààlà igbó ọba, tí wọ́n sì sọ fún ọkùnrin tí ó ti ń dẹ ibẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ pé láti òní lọ, bí ó bá pa ẹran níbẹ̀, olè ni. Bàbá náà kò lóye rẹ̀ títí ó fi kú. Ọmọ rẹ̀ lóye rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà. Òru ni ó ń wọlé. Ọmọ-ọmọ, èyí tí ó dúró níwájú mi yìí nínú aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ewé, ti bá bàbá rẹ̀ wọlé lóru púpọ̀ pẹ̀lú iná kábáàdì lórí kí ìjọba tó gbà á síṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí, "wọ́n mọ̀ pé ọdẹ ni yín, wọ́n sì gbà yín?"

"Àbúrò mi, olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta."

Ìwé wà ní ọ́fíìsì wọn, àwòrán ilẹ̀ wà, ẹ̀rọ tí ń tọ́ka ọ̀nà láti ojú sánmà wà. N kò fi ọ̀kankan wọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ inú ọ̀dàn lọ, ohun tí ó ń ṣọ́ igbó náà ní tòótọ́, lójú tèmi, ni ohun tí bàbá ọdẹ kan kọ́ ọmọ rẹ̀ kí ó lè máa rí ẹran pa: pé ìgalà máa ń dá jẹ ni, pé ìmàdò kì í jìnnà sí ẹrẹ̀, pé bí ìjímèrè bá gbó láti orí àpáta, kí o wo ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí, má ṣe wo òun fúnra rẹ̀, pé afẹ́fẹ́ ni kí o kọ́kọ́ bi léèrè kí o tó gbé ẹsẹ̀. Ìjọba gba igbó lọ́wọ́ ilé ọdẹ, ó tún wá padà sí ilé náà láti yá ọgbọ́n tí yóò fi ṣọ́ ọ. Gbèsè ni èyí, n kò sì tíì gbọ́ pé ẹnì kan ń ronú àtisan án.

Nígbà tí oòrùn yọ dáadáa ni Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn, tí ó dá mi dúró. Ní ìsàlẹ̀, lẹ́bàá omi tí ó ṣẹ́kù nínú ìbú kan, ẹgbin mẹ́fà ń jẹ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí a bá fẹ́ yin arẹwà obìnrin, a ó ní ó dára bí ẹgbin; mo ti wí bẹ́ẹ̀ fún obìnrin tó mẹ́ta láyé mi, n kò sì rí ẹgbin rí títí di òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Mo bẹ àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n dárí jì mí, mo ti yìn wọ́n ju bí mo ti mọ̀ lọ. Àwọ̀ ara wọn dà bí amọ̀ tuntun tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ tàn sí, ọrùn wọn nà gbọọrọ, akọ àárín wọn sì gbé ìwo rẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọ ọba tí ó fi fìlà gẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní ohùn tí kò ju ti ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ, oríkì tí ọdẹ ń kì kí ó tó yìnbọn. Ó kì í tán, kò sí ìbọn tí ó dún, ó sì dákẹ́ bí ẹni tí ó gbàgbé ìyókù. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ẹnu ọdẹ ni ó ti ń dùn. Eruku ọyẹ́ ni ó bà mí jẹ́: mo wúkọ́, ẹgbin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì di afẹ́fẹ́.

Nípa erin, àwọn àgbà wí pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ibi tí a rìn dé, a kò rí fìrí rẹ̀ pàápàá. Ti kìnnìún, ẹnu àwọn arúgbó nìkan ni ó kù sí níbẹ̀. Gbogbo èyí tí ó kù sí ilẹ̀ Nàìjíríà kò tó àádọ́ta, ní Kainji àti Yankari. Ọ̀rọ̀ àmọ̀tẹ́kùn ni ó pa mí lẹ́rìn-ín jù. Láti January 2020 tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ti dá ẹgbẹ́ aláàbò sílẹ̀ tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é, kò sí ìlú tí mo gbà kọjá tí n kò rí àwòrán àmọ̀tẹ́kùn lára ọkọ̀. Mo wá bi Ẹ̀gbọ́n nígbà wo ni ó rí ojúlówó rẹ̀ gbẹ̀yìn. "Lára ọkọ̀ ni," ni ó dá mi lóhùn.

Lẹ́yìn náà ni ó yà kúrò lójú ọ̀nà láìsọ nǹkan kan, ó bẹ̀rẹ̀ nídìí igi ìdí kan, ó sì fa nǹkan yọ láàárín koríko. Ìdẹkùn ni. Wáyà bíréèkì ọ̀kadà ni wọ́n tú sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi ṣe òjóbó, tí wọ́n sì so mọ́ igi tútù tí wọ́n tẹ̀ kọdọrọ. Ìbọn ṣakabùlà a máa dún, ó kéré tán yóò sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé ọdẹ wà nítòsí. Ṣùgbọ́n wáyà kì í dún, kì í sùn, kì í mọ aboyún ẹran yàtọ̀ sí akọ, bí ẹni tí ó dẹ ẹ́ bá sì ṣàìsàn tí kò lè wá wò ó, yóò mú ẹran síbẹ̀ kí ó jẹrà lásán. Ọdẹ ayé àtijọ́, ni Ẹ̀gbọ́n wí, bí ó bá rí abo tí ó lóyún, yóò gbé ìbọn rẹ̀ sísàlẹ̀. Mo fẹ́ gbà á gbọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn àgbà a máa fi oyin sí ọ̀rọ̀ àná.

Mọ́kànlá ni a tú ní òwúrọ̀ náà. Ní orí ẹ̀kẹjọ, ó dúró pẹ́. Ó gbé ìtakókó rẹ̀ sí ojú oòrùn, ó yí i wò lọ́tùn-ún, ó yí i wò lósì.

"Mo mọ ẹni tí ó so èyí," ni ó wí. "Bàbá wa ni ó kọ́ wa ní ìso yìí. Àwa ọmọ ilé wa nìkan ni a ń so ó báyìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni."

"Kí ni ẹ ó wá ṣe?"

"Màá tú u." Ó sì tú u, ó kó o sínú àpò pẹ̀lú àwọn yòókù, ó kọ iye wọn sínú ìwé kékeré kan. N kò mọ ohun tí ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ iye náà, n kò sì bèèrè.

Iṣẹ́ wọn kò rọgbọ. Àwọn darandaran a máa da màlúù wọlé nígbà tí koríko bá tán níta, ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú àwọn tí ń rìn nínú igbó lóde òní kì í sì í ṣe ṣakabùlà mọ́. Nítorí náà ni wọn kì í fi í dá rìn, àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì tutù nídìí, àwọn fúnra wọn a máa fi iná sun apá kan ọ̀dàn díẹ̀díẹ̀, kí iná ńlá tí àwọn ọdẹ ń ràn ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn má baà rí ohun jẹ. A kọjá ní irú ibẹ̀: ilẹ̀ dúdú, màjàlà, àti koríko tuntun tí ó yọ orí bí irun ọmọ tuntun láàárín eérú.

Ohun tí n kò rí ni igún. Mo gbé ojú sókè ní gbogbo ọjọ́ náà, àwòdì ni mo rí. Àwọn baba wa wí pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Èmi kò sì mọ ẹranko mìíràn tí wọ́n fi òfin tó bẹ́ẹ̀ dáàbò bò ní gbólóhùn kan. Síbẹ̀ ní àwọn ìsọ̀ eléwé-ọmọ ní àwọn ọjà wa, orí igún ni ó wà lórí àtẹ, gbígbẹ, láàárín awọ ọ̀gà àti ìrù ìkookò. Láti 2015 ni àwọn onímọ̀ àgbáyé ti ka igún sí ara àwọn ẹyẹ tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n parun. Ní Guinea-Bissau, ní 2019 sí 2020, ó lé ní 2,000 igún tí wọ́n fi májèlé pa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì bá láìní orí. Nígbà tí màlúù kan bá kú sí etí igbó lónìí, kò sí agbálẹ̀ mọ́.

Mo fẹ́ dé Ọ̀yọ́-Ilé, àwókù tí ọgbà náà fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n apá àríwá ni ó wà, ọ̀nà rẹ̀ jìn sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ọjọ́ mi sì ti pé. Ẹ̀gbọ́n ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, ó sì ròyìn rẹ̀ fún mi nígbà tí a ń sinmi lábẹ́ igi osè kan. Ní January 1826 ni òyìnbó Clapperton wọ ìlú náà, tí àwọn ará òkè ọya ń pè ní Katunga, tí Aláàfin Májọ̀tú gbà á lálejò pẹ̀lú ìlù àti fèrè. Kò pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà tí ogun fi tú u, tí Àtìbà fi lọ tẹ Ọ̀yọ́ ti ìsinsìnyí dó. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn awalẹ̀wáìtàn tọ àwọn odi rẹ̀ káàkiri, wọ́n sì wọ̀n wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ní ibi tí ọjà wà rí, ìmàdò ni ó ń ná an. Àfọ́kù ìkòkò kún ilẹ̀, osè sì ga níbi tí kò sí ilé mọ́. Ó ní ní alẹ́ ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ sùn síbẹ̀, òun kí ilé kí òun tó tẹ́ ẹní.

Ìrọ̀lẹ́ ni a padà sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ó sì mú mi lọ sí ilé rẹ̀ kí n lọ jẹ àmàlà. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni ó ń pàṣẹ nínú ọgbà ilé náà. Mo wo àyíká: wáyà ni wọ́n fi di àká, wáyà ni wọ́n fi so okùn aṣọ, wáyà ni wọ́n fi tún ìdí àga ìyá náà ṣe, àwọn ìdẹkùn tí wọ́n ti pa lórí, tí wọ́n sì ti rí iṣẹ́ mìíràn ṣe, ni gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n da ti òwúrọ̀ náà sílẹ̀ nídìí ògiri.

A kò tíì fọ ọwọ́ tán tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi wọlé, tí ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá àgbà, fún Ẹ̀gbọ́n, àti fún èmi àlejò. Ọmọ dáadáa ni, ẹ̀rín rẹ̀ yá. Wọ́n bu oúnjẹ fún un, ó jókòó tì wá, a jọ jẹ ẹ́ nínú àwo kan náà. Ojú rẹ̀ ti rí ohun tí ó wà nídìí ògiri. Mo mọ̀, nítorí pé láti ìgbà náà ni kò tún wo apá ibẹ̀ mọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni ìyá àgbà wí nígbà tí a jẹun tán, "ilẹ̀kùn àgò adìẹ mi ti jábọ́ láti àná, bàbá rẹ yìí kò ráyè. Dìde, bá mi so ó kí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ má wọlé tọ̀ wọ́n lóru."

Ó dìde. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí okùn níbẹ̀. Ó lọ sí ìdí ògiri, ó mú wáyà kan, ó kúnlẹ̀ nídìí àgò náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í so ó. Ẹ̀gbọ́n gbé ife omi rẹ̀ sísàlẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.